Bọ́ọ̀lù Tó Ń Kọ́kọ́ Dé Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n

Kí ẹnikẹ́ni má bá mi jiyàn: mo mọ basketball gbá. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń gbá a ní Ṣùrùlérè, lórí kọnkéré tó máa ń bó èèyàn lórúnkún. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ epo tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Calgary lé àwa mọ́kànlélógójì lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ní oṣù kejì ọdún 2016, mo padà sílé-ìwé láti kọ́ iṣẹ́ iná ní Nose Creek College. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí. Mo rí ìwé kan lára ògiri pé kí àwọn tó bá fẹ́ gbá basketball wá fara hàn. Mardiyah, ìyàwó mi, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Bàbá Suliat, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ọdún méjìdínlógún? Kí eegun yín má lọ dá o!" Mo ní kó máa wò mí. Wọ́n sì mú mi.

Ẹ ò lè mọ bó ṣe dùn mọ́ mi tó, àfi tẹ́ ẹ bá wà ní ìlú yẹn nígbà yẹn. Owó epo ti já wálẹ̀, gbogbo nǹkan sì ti já tẹ̀ lé e. Ní Castleridge tí à ń gbé, injíníà ló ń wa táàsì, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ló ń to ọjà sórí pẹpẹ. Bí èèyàn méjì bá pàdé, wọn kì í béèrè pé "Ṣé dáadáa ni?" mọ́. "Ṣé wọn ò tíì lé ẹ?" ni ìkíni. Nínú gbogbo ìyẹn, èmi Dúrótìmí Bámgbóyè wọ ẹ̀wù tí wọ́n kọ nọ́ńbà 15 sí lẹ́yìn, èèyàn sì ń patẹ́wọ́ fún mi.

Ọmọ kan wà nínú tíìmù wa tó ń jẹ́ Démiládé Mọ́láyọ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, McKenzie Towne ni wọ́n ń gbé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí wọ́n kó o wá láti Ìbàdàn, ẹ̀kọ́ ilé ti wọ inú eegun rẹ̀ kó tó rí snow rárá. Wọ́n ti lé bàbá tirẹ̀ náà níbi iṣẹ́ epo, ó ti padà sí Nàìjíríà lọ wá nǹkan ṣe, ìyá rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nìkan ló ń dá ilé gbé. Ọjọ́ tí ìyá yìí kọ́kọ́ rí mi nínú gym, ó di apá mi mú gírígírí. "Brother Dúró, ẹ bá mi mójú tó o o. Kó mọ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n níbí."

Èmi náà bá jẹ oyè ẹ̀gbọ́n. Ẹ wò ó, mo jẹ ẹ́ tán pátá! Àwọn ọmọ òyìnbó inú tíìmù ń pè mí ní Grandpa, Démiládé nìkan ló ń pè mí ní Brother. Kì í jókòó nínú bus kí n tó jókòó. Bí omi bá wà nílẹ̀, èmi ló máa kọ́kọ́ bù ú fún. Bó bá ń kí mi, orúnkún rẹ̀ á fẹ́ kanlẹ̀, ó gùn bí òpó iná, á wá ká sí méjì níwájú mi. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó ń dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ ti fi lẹ́tà olójú-ewé kan ṣoṣo lé èèyàn síta, kò burú kí ẹnì kan mọ̀ pé àgbà ni èèyàn.

Démiládé ni point guard wa. Ẹni tó bá wà ní ipò yẹn ló máa ń gba bọ́ọ̀lù wá láti ẹ̀yìn, òun ló ń pín in, òun ló ń sọ fún gbogbo wa pé ìwọ lọ síbí, ìwọ dúró sọ́hùn-ún. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ojú rẹ̀ mú. Ohun tó kù ni pé kò lè sọ̀rọ̀ sókè. Gbogbo ìgbà tó bá sì ti gba bọ́ọ̀lù dé àárín pápá, èmi ló ń wá. Á fún mi, èmi á jù ú, á wọlé. Nínú eré mẹ́rin àkọ́kọ́ tá a gbá ní conference wa, ìyẹn ìdíje àwọn college agbègbè wa, èmi ni mo ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù. Mo lọ fi halẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Abíọ́dún onígbàjámọ̀, ẹni tó ń gẹrun fún gbogbo wa ní Castleridge. Mo ní kí wọ́n máa pè mí ní ọ̀dọ́. Ẹnì kan níbẹ̀ wá béèrè pé nínú eré mẹ́rin, mélòó lẹ borí? Mo ní kó dákẹ́, kò mọ nǹkan kan. Ẹyọ kan la borí.

Ní Thursday kan nínú oṣù kọkànlá, Coach Hnatiuk kó wa jọ. Ó ṣí fìlà, ó tún un dé. Ó ní ilé-iṣẹ́ epo tó ń bá ilé-ìwé san owó bus wa ti kó ọwọ́ kúrò. Van méjì ló kù tí a ó máa fi rìnrìn-àjò. Ẹni méjìlá ni àyè wà fún, mẹ́tàlá sì ni wá. Lẹ́yìn eré Saturday, ó máa yọ ẹnì kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ó pe Démiládé sí kọ̀rọ̀. Nígbà tí ọmọ náà padà dé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Brother, Coach ní point guard tí kò lè pàṣẹ kì í ṣe point guard. Wọ́n ní bí mi ò bá darí tíìmù lópin ọ̀sẹ̀ yìí, èmi ni wọ́n máa yọ." Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Torí basketball yìí ni ilé-ìwé ṣe ń san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ìyá rẹ̀ ò lágbára ẹ̀, ilé-ìwé ti tán fún un nìyẹn.

Mo gbá a léjìká. Mo ní, "Má jẹ́ kó dà ẹ́ láàmú. Ìwọ ṣáà máa fún mi ní bọ́ọ̀lù. Màá gbà wá là."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ agbéraga!

Ní Friday a lọ sí Okotoks, a lọ bá Sheep River College nílé wọn. Eré náà ò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí nǹkan fi yíwọ́. Kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ Démiládé, ẹni méjì ti dúró síwájú mi. Bí mo bá lọ sápá ọ̀tún, wọ́n á tẹ̀ lé mi. Bí mo bá lọ sápá òsì, wọ́n á tẹ̀ lé mi bí olè tó rí àpamọ́wọ́. Ọmọ náà á wò mí, á wò yíká, á tún wò mí, á sì fún mi náà ni. Wọ́n á já a gbà. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó sọ fún ìkejì létí mi pé, "Just sit on fifteen. It always goes to fifteen." Àmì ogún ni wọ́n fi ṣáájú wa nígbà tó parí.

Inú bí mi gan-an nínú van. Nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀, Démiládé ni mo wá tú u lé lórí. "Irú bọ́ọ̀lù wo lò ń fún mi? Ṣé o ò rí i pé ẹni méjì wà lọ́rùn mi ni?" Ó kàn ń káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wolẹ̀. "Ẹ má bínú, Brother. Ẹ má bínú."

Láàárọ̀ Saturday, mo bá Mardiyah nídìí tábìlì, ó ti ṣí fídíò eré àná sórí kọ̀ǹpútà, ó ní bírò lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ni òun náà, kò sí ohun tí kì í kọ sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá Suliat, ṣé kí n sọ òótọ́ fún yín?"

Mo ní, "Bí mo bá ní rárá, ṣé o ò ní sọ ọ́ ni?"

"Ìgbà mọ́kànlélógójì ni Démiládé gba bọ́ọ̀lù wá sókè. Ìgbà mẹ́rìndínlógójì ló kọ́kọ́ fún yín. Ẹ wo ọmọ funfun gíga yìí." Ó fi bírò tọ́ka sí Cody, tó dúró lábẹ́ àwọ̀n lóun nìkan, tó ń juwọ́ bí ẹni tó fẹ́ kí mọ́tò dúró. "Kò sẹ́ni tó ṣọ́ ọ. Démiládé ò tiẹ̀ wò ó. Ọmọ yẹn ò gbá basketball o. Oúnjẹ ló ń gbé fún àgbà. Àgbà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bu tiẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo ní, "Ṣé ẹ̀kọ́ ilé ti wá di ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin tí wọ́n ń gbé e fún, ṣé ẹ sọ fún un pé ẹ ti yó? Wọ́n máa lé ọmọ ọlọ́mọ lónìí, tòun tẹ̀kọ́ ilé rẹ̀. Lójú ìyá tó fà á lé yín lọ́wọ́."

Suliat, ọmọ wa ọdún mẹ́rin, gbójú sókè nínú ògì rẹ̀. "Daddy, are you in trouble?"

Mo dìde. Mo wọ kóòtù, mo jáde lọ gbá snow kúrò níwájú ilé, mo ń fi ṣọ́bìrì bá a jà. Ohun tó ń bí mi nínú kì í ṣe pé ìyàwó mi purọ́. Ó ń bí mi pé òótọ́ ló sọ, mo sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí mo ti ń fi halẹ̀, ọ̀wọ̀ ni ọmọ náà fi ń gbé e wá fún mi. Mi ò lè sáré tó àwọn ọmọ yẹn. Mi ò lè fò tó wọn. Ohun kan ṣoṣo tí Coach ṣe fi mí sílẹ̀ ni pé mò ń ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Bí Démiládé bá wá jáwọ́, bọ́ọ̀lù mélòó ló máa dé ọ̀dọ̀ mi? Nínú àwa mẹ́tàlá, ta ni wọ́n máa wá yọ? Mo mọ orúkọ ẹni náà. Ó jọ mí gan-an.

Mo dúró síbẹ̀ títí etí mi fi kú. Lẹ́yìn náà mo ní, "Dúrótìmí, irú àgbà wo nìwọ? Ojú ò wá tì ẹ́ ni?" Mo wọlé lọ mú bàtà mi.

Ọ̀sán ni eré ìkejì pẹ̀lú àwọn Sheep River, nílé wa. Mo pe Démiládé sí ẹ̀yìn àga àwọn òǹwòran. Mo ní, "Lónìí, má fún mi ní bọ́ọ̀lù."

"Yes, sir." Ó ronú díẹ̀. "Ṣùgbọ́n Brother, ṣé kí n kàn máa kọ́kọ́ fún yín ni, kí ẹ wá máa dá a padà fún mi?"

Olúwa o! Mo ní, "Rárá. Ká tiẹ̀ gbàgbé pé mo jù ẹ́ lọ. Pè mí ní Dúró."

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ní kó gbá bàbá rẹ̀ létí. "Mi ò lè pè yín bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, sir."

Mo rí i pé kò sí ohun tí mo lè sọ tí ọmọ yìí á fi rò pé ẹgbẹ́ òun ni mí, mi ò sì ní fẹ́ kó rò bẹ́ẹ̀, kí n má parọ́. Mo bá gba ọ̀nà mìíràn. Mo ní, "Démiládé, ṣé bí mo bá rán ẹ níṣẹ́, wàá jẹ́ ẹ?"

"Ha! Brother, ẹ rán mi. Kíákíá."

"Ó dáa, iṣẹ́ tí mo rán ẹ rèé. Lọ darí tíìmù yẹn. Ẹni tí kò bá séèyàn lọ́rùn rẹ̀ ni kó o fún ní bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá dúró síbi tí kò yẹ, lé e kúrò níbẹ̀, kó o pariwo mọ́ ọn kó gbọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bínú, èmi ni mo rán ẹ. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a máa jẹ́ ẹ fún."

Ó họ orí. Mo rí i tó ń gbé e yẹ̀ wò. "Tó bá wá jẹ́ ẹ̀yin náà ni mo máa jẹ́ ẹ fún ńkọ́?"

"Jẹ́ ẹ fún mi bí mo ṣe rán ẹ gẹ́lẹ́. Àbí wàá dá iṣẹ́ àgbà nù ni?"

"Rárá o, sir."

A bẹ̀rẹ̀ eré. Ẹ ò ní gbà gbọ́: ìgbà àkọ́kọ́ tó gba bọ́ọ̀lù dé àárín, ojú rẹ̀ tún wá mi, ọwọ́ rẹ̀ sì ti jù ú kó tó rántí. Èmi bá kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù gbá mí láyà, gbì! ó sì yí jáde lọ bá àwọn òǹwòran. Gbogbo gym bú sẹ́rìn-ín. Coach ń pariwo, "Fifteen! Fifteen, what was that?" Mi ò wo Coach. Démiládé ni mo ń wò, ọwọ́ mi ṣì wà lẹ́yìn. Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Ó ti yé e.

Láti ìgbà náà lọ, ẹ wá wo ọmọ! Àwọn ará Okotoks tún fi ẹni méjì tì mí bíi ti àná, bọ́ọ̀lù sì ń lọ bá Cody lábẹ́ àwọ̀n. Cody ń sọ ọ́ wọlé bí ẹni ń ju aṣọ sínú agbọ̀n. Kí wọ́n tó tú ká, Démiládé ti rí ẹlòmíràn. Ní àkọ́kọ́ ńṣe ló ń fi ìka júwe. Nígbà tó yá, ohùn jáde. "Cody, left! Go, go!" Ohùn náà kọ́kọ́ ń gbọ̀n, ó wá le. Mo ń sáré sókè sódò láìrí bọ́ọ̀lù gbá, àyà mi ń já bí ẹ̀rọ tó fẹ́ kú, ẹnu mi ò sì pa dé. Bọ́ọ̀lù kan péré ni mo jù wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ eré. Ìyá Démiládé wà lókè pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀, ó ń pariwo, "Ọmọ mi ni! Ọmọ mi nìyẹn!" fún àwọn òyìnbó tí kò bi í léèrè.

Ó wá ku sẹ́kọ́ǹdì mẹ́rìnlá. Wọ́n fi àmì kan ṣáájú wa. Démiládé ló ní bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀jẹ̀ burúkú, ẹ̀jẹ̀ àtijọ́! Èmi tí mo fẹnu ara mi rán an níṣẹ́, mo gbàgbé ara mi. Mo sáré bọ́ sí iwájú àwọ̀n, mo na ọwọ́ méjèèjì, mo ń ké, "Mú un wá! Mú un wá!" Ẹni méjì tó ń ṣọ́ mi tẹ̀ lé mi débẹ̀, àwa mẹ́ta bá dí ojú ọ̀nà tí ọmọ náà fẹ́ gbà pa.

Démiládé gbé ìka sókè, ó nà án sí mi. Níwájú Coach, níwájú ìyá rẹ̀, níwájú gbogbo ayé, ó fi ohùn onílé tó fẹ́ lé ayálégbé pariwo:

"Brother Dúró! Ẹ kúrò lọ́nà! Ẹ bọ́ sí ọ̀hún, kíá!"

Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ọmọdé kan ò tíì sọ̀rọ̀ sí mi báyẹn. Kí inú tó ráyè bí mi, ẹsẹ̀ mi ti gbéra. Mo sá lọ sí kọ̀rọ̀ bí ẹni tí ajá ń lé, àwọn méjì náà bá mi sá lọ. Ọ̀nà là gbàrà. Démiládé wọ̀ ọ́, ó fò, ó fi bọ́ọ̀lù kan gíláàsì ẹ̀yìn àwọ̀n pẹ́ẹ́, ó sì wọlé. Fèrè dún. A ti borí.

Gbogbo wọn sáré lọ bá a. Òun ò dúró dè wọ́n. Ó gba àárín wọn kọjá, ó wá síwájú mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó, àyà ẹ̀ kanlẹ̀. Rẹfirí rò pé ó ti dákú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè. Obìnrin tó ń tọ́jú àwa tá a bá fara pa sáré dé pẹ̀lú yìnyín nínú ọ̀rá. "Where does it hurt?"

"Brother, ẹ dárí jì mí," ló ń sọ láti ilẹ̀. "Mo pariwo mọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ yín ni mo jẹ́."

"Dìde, jàre! Ta ló bínú?" Mo fa á dìde, mo sì rí i pé omi ti bọ́ lójú èmi gan-an. "O jẹ́ ẹ dáadáa. O jẹ́ ẹ ju bí mo ṣe rán ẹ lọ."

N kò tíì bọ́ bàtà tí Coach fi ní kí n wá sí ọ́fíìsì òun. Ó jókòó, ó ń yí fìlà lọ́wọ́. Ó ní òun ò gbọ́ kí ọmọ yẹn gbóhùn sókè rí, kí ló sọ fún mi?

Mo ní, "Ó ní kí n kúrò lọ́nà."

Coach rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, kò lè wò mí mọ́. Mo ṣàánú rẹ̀. Mo ní, "Coach, it's me. I know. I've known since morning." Ó na ọwọ́, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó dì í mú pẹ́. Ó ní ní ọdún méjìlélógún tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun ò tíì rí ẹni tó kó ọwọ́ sẹ́yìn fún bọ́ọ̀lù rí.

Démiládé ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. "Brother, kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní ìwọ lo máa bẹ̀rẹ̀ eré ní Friday."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi á wà lókè pẹ̀lú ìyá ẹ, a ó jọ máa pariwo."

Ó yé e. Ojú rẹ̀ dàrú. "Torí mi ni."

"Torí ẹ ni, kí lo rò tẹ́lẹ̀? Ṣé torí ẹni tí mi ò mọ̀ rí ni màá ṣe é? Nu ojú ẹ, kí ìyá ẹ má bá a báyìí."

Ó nu ojú. Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó gbé e kọ́ èjìká. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí lára mi. Ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù yìí, láti orí kọnkéré Ṣùrùlérè títí dé Calgary, mi ò lè ka iye tí mo ti jù sáwọ̀n, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí mo lè fi yangàn tó ẹyọ kan ṣoṣo yẹn, èyí tó gbá mí láyà tí mi ò fọwọ́ kàn.